Bí A Ṣe Ń Ka Ìtàn Iṣẹ́ Aṣọ́ Ẹ̀yìn Pápá Nínú Bésíbọ́ọ̀lù Títí Dé Ìfẹ̀yìntì

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ aṣọ́ ẹ̀yìn pápá kan ṣe lọ sábà máa ń sáré lọ wo iye ìgbà tí ó gbá bọ́ọ̀lù tí ó sì dé béèsì, ìyẹn ọ̀kan nínú ibùdó mẹ́rin tí agbábọ́ọ̀lù ń sáré yí ká. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, kí ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n fi í sí ní ọdọọdún. Àwọn mẹ́ta ni ó ń ṣọ́ ẹ̀yìn: ti òsì, ti àárín àti ti ọ̀tún. Ti àárín ni ó ń sáré jù, nítorí pé ọ̀tún àti òsì rẹ̀ ṣófo gbalasa. Ti ọ̀tún ni ó nílò apá líle jù, torí pé ibẹ̀ ni ó jìnnà jù sí béèsì kẹta. Bí wọ́n bá gbé ẹnì kan kúrò ní àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, tí ó sì wá di ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù nìkan láìṣọ́ pápá mọ́, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wúwo. Ken Griffey Jr. bẹ̀rẹ̀ ní àárín pápá ní Seattle ní ọdún 1989. Ní 2007, ẹgbẹ́ Cincinnati tí ó ń gbá fún nígbà náà gbé e lọ sí ọ̀tún. Nígbà tí ó fi fẹ̀yìn tì ní oṣù Kẹfà ọdún 2010, gbígbá ni ó kù tí ó ń ṣe.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo apá tí aṣọ́ náà fi ń ju bọ́ọ̀lù. Nọ́ńbà kò fi bẹ́ẹ̀ lè wọn apá, nítorí pé ẹni tí ẹ̀rù apá náà bà tí kò sì sáré lọ sí béèsì tó kàn kò ní sí nínú àkọsílẹ̀. Fídíò ni kí ẹ wá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2001, ní Oakland, Ichiro Suzuki, tí kò tíì lo oṣù kan pẹ̀lú ẹgbẹ́ Seattle Mariners, gbé bọ́ọ̀lù nílẹ̀ ní ọ̀tún pápá, ó sì jù ú sí béèsì kẹta. Bọ́ọ̀lù náà fò nílẹ̀ nílẹ̀, ó gún bí okùn tí a nà, ó sì ti wà nínú ìbọ̀wọ́ kí Terrence Long tó ń sáré bọ̀ tó débẹ̀.

Ìgbà yìí ni ẹ tó wá lè ka iye bọ́ọ̀lù tí ó gbá. Ẹ kà á ní sáà kọ̀ọ̀kan, eré 162 sì ni sáà kan. Láti 2001 dé 2010, kò sí sáà tí ti Ichiro kò pé 200, ó sì gbá 262 ní 2004, èyí tí ó kọjá 257 tí George Sisler ti gbá láti 1920. Ní 2011, ó wálẹ̀ sí 184, ibẹ̀ sì ni kí ẹ fa ìlà sí. Ó ti gbá 1,278 ní Japan kí ó tó dé Amẹ́ríkà, ó sì gbá 3,089 níbẹ̀. Èmi kì í pa méjèèjì pọ̀. Ẹ kọ wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, nítorí pé líìgì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Níbi ìfẹ̀yìntì ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń kánjú jù. Ìfẹ̀yìntì kì í sábà jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, Seattle Mariners sọ Ichiro di olùrànlọ́wọ́ pàtàkì fún alága ẹgbẹ́ náà, kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ní sáà náà, síbẹ̀ ó ń bá àwọn yòókù ṣe ìdánrawò. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 2019 ni ó tó parí, ní Tokyo Dome, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 45. Nínú eré méjì tí ó gbá níbẹ̀, kò rí bọ́ọ̀lù kan gbá dé béèsì. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n pè é kúrò ní ọ̀tún pápá ní ìpele kẹjọ, gbogbo pápá dìde fún un, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń gbá a mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan. Òdo yẹn àti ìdìde yẹn, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ẹ fi Hall of Fame ti Cooperstown, ilé ọlá àwọn akọni bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ti lo sáà 10 ni a lè dìbò fún, lẹ́yìn ọdún 5 tí ó ti fi eré sílẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìdá 75 nínú 100 ìbò àwọn akọ̀ròyìn bésíbọ́ọ̀lù. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ìbò 393 nínú 394 ni Ichiro ní.