Ẹ ṣọ́ seed yín: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá pín ìṣirò físíìsì fún ọ̀pọ̀ core

Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi kan tó ń ṣe másítà ní Zaria wọkọ̀ wá bá mi ní Kubwa. Kó tó mu omi tán, ó ti ṣí láptọ́ọ̀pù. Nínú àwòrán àbájáde ìṣirò rẹ̀ tó fi hàn mí, òkè ṣóńṣó kan yọ gedegbe. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ó ti ju sigma 5 lọ!" Sigma ni òdiwọ̀n tí a fi ń mọ bí ó ti ṣòro tó kí nǹkan ṣèèṣì yọ: bó bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí ṣe lágbára tó.

Mo ní kó ṣí fáìlì kìíní fún mi. Nọ́ńbà tó ṣáájú níbẹ̀ ni 43.7182. A ṣí ìkejì: 43.7182. A ṣí ìkẹta. Ọ̀kan náà ni.

Nígbà tí a bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé bí pátíkù, èérún tín-tìn-tín inú nǹkan, ṣe ń kọlu ara wọn, nọ́ńbà bíi ti dáìsì lúdò la fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í ju dáìsì. Orí nọ́ńbà kan tí à ń pè ní seed ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣírò ìyókù. Bí seed bá jẹ́ ọ̀kan, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e á jẹ́ ọ̀kan. Ara aago ni kóòdù àbúrò mi ti ń mú seed, aago náà kò sì ka ohun tó kéré ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Core 8, ìyẹn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò, ló ní, ó sì tan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí kálukú kọ fáìlì tirẹ̀. Seed kan náà ni gbogbo wọn mú.

Ó rò pé ẹlẹ́rìí mẹ́jọ lòun pè. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọlé tó ń jáde, tó sì ń sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹjọ. Bí a bá ka irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ sí mẹ́jọ, sigma 2 lásán, tó lè ṣèèṣì yọ nígbàkúùgbà, á di ohun tó ju sigma 5.6 lọ. Bẹ́ẹ̀, sigma 5 ni òdiwọ̀n tí wọ́n fi kéde pátíkù Higgs boson ní CERN, ilé ìwádìí físíìsì ńlá ní Yúróòpù, ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2012. Nígbà tí a fún core kọ̀ọ̀kan ní seed tirẹ̀, òkè náà pòórá. Ó dùn mí fún un gan-an.

Nítorí náà, ẹ má ṣe mú seed lára aago. Ẹ fún core kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ mọ́ orúkọ fáìlì rẹ̀. Kí ẹ tó pa àwọn fáìlì pọ̀, ẹ fi ìlà mẹ́wàá àkọ́kọ́ wọn wéra.

Ẹ má sì jẹ́ kí core méjì máa kọ nǹkan sí ojú kan náà. Ẹ wo ọmọ iṣẹ́ alájọ méjì tí wọ́n ń lo ìwé kan. Iye tó wà níbẹ̀ jẹ́ 41. Ọ̀kan ka 41. Kó tó kọ tirẹ̀, èkejì náà ti ka 41. Àwọn méjèèjì kọ 42. Èèyàn méjì ló dáwó, ìwé gba ẹyọ kan. Kọ̀ǹpútà kò ní pariwo, lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀ ìdáhùn á tọ̀nà. Kí oníkálukú ní ìwé tirẹ̀, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ níkẹyìn. Bí nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú àròpọ̀ bá wá yàtọ̀ díẹ̀, bí a ṣe tò wọ́n tẹ̀ léra nígbà tí a ń rò wọ́n pọ̀ ló fà á.

Àwọn kan gbà pé core púpọ̀ ni ìyára. Gene Amdahl, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti já èrò yìí láti ọdún 1967: bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iṣẹ́ kò bá ṣeé pín, core 16 kò lè mú un yá ju ìlọ́po 6.4 lọ, kò sì sí iye core tí á mú un dé ìlọ́po 10. Ẹ wọn apá yẹn kí ẹ tó náwó. Ìkọlù pátíkù ṣeé pín dáadáa, torí ọ̀kan kì í dúró de èkejì. Ìdí nìyẹn tí CERN fi lè pín iṣẹ́ rẹ̀ fún ibùdó bíi 170 ní orílẹ̀-èdè tó ju 40 lọ.

Ó ku NEPA. Ẹ máa tọ́jú iṣẹ́ yín lẹ́yìn gbogbo ìkọlù 10,000, kí ẹ sì tọ́jú ibi tí nọ́ńbà dáìsì yẹn dé pẹ̀lú. Bí iná bá dé tí ẹ tún fi seed àtijọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ìkọlù àkọ́kọ́ lẹ tún ń kà yẹn, 43.7182 á sì tún yọjú.