Ìrírí mi ní Anstruther: bọ́ọ̀sì kò wá, omi òkun kò sì dúró dè wá

Owó takisí tí mo san láti Leven dé Anstruther ju owó ọkọ̀ ojú irin tó gbé èmi àti màmá mi láti Edinburgh dé Leven lọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí òun ló ṣì ń dùn mí. Lẹ́yìn takisí, a tún san owó ilé tí a sùn sí, alẹ́ tí kò sí nínú ètò wa rárá. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó yẹ kó wá tí kò wá ló fa gbogbo rẹ̀.

Ìlú apẹja kékeré ni Anstruther, ní agbègbè Fife ní Scotland, níbi tí omi Firth of Forth ti ń wọ inú òkun. Màámi ló fẹ́ débẹ̀. Kí wọ́n tó wá bá wa ní London, ẹja ni wọ́n ń tà ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ìlú kan wà tó kó gbogbo ìtàn ẹja pípa ilẹ̀ Scotland sínú mùsíọ́mù kan, wọ́n ní, "Ọmọ mi, mú mi débẹ̀." Erékùṣù kan tún wà lójú òkun níbẹ̀, Isle of May, tí àwọn ẹyẹ puffin máa ń wá yé sí. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi, mo ra ti ọkọ̀ ojú irin, a gbéra.

Ọkọ̀ ojú irin kò dé Anstruther. Ó ń débẹ̀ nígbà kan, àmọ́ wọ́n ti pa ọ̀nà náà tì láti 1965. Leven ni ibi tó súnmọ́ ọn jù ní etí òkun yẹn, oṣù kẹfà 2024 sì ni ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í débẹ̀. Láti Leven, bọ́ọ̀sì ni.

A dé ibùdókọ̀ pẹ̀lú àkókò tó pọ̀ lọ́wọ́. Pátákó oníná tó wà níbẹ̀ sọ pé bọ́ọ̀sì máa dé láìpẹ́. Mo ń wò ó bó ṣe ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn, márùn-ún, mẹ́ta, méjì. Ó kù díẹ̀ kó dé, ni orúkọ bọ́ọ̀sì náà bá pòórá lójú pátákó. A wo ọ̀nà títí, ọkọ̀ kankan ò yọ. Mo ṣí áàpù wọn, áàpù ní bọ́ọ̀sì ti kọjá lọ́dọ̀ wa. Èmi tí mo dúró síbẹ̀ tí n kò ṣẹ́jú! Mo pe iléeṣẹ́ wọn, orin ni wọ́n fi dá mi lóhùn fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí èèyàn gbé e, ó ní kí n máa wo áàpù. Mo ní áàpù yẹn gan-an ló ń parọ́. Ó ní kí n má bínú, èyí tó tẹ̀ lé e ń bọ̀ ní wákàtí kan sí i.

Bàbá àgbàlagbà kan tó fa ajá rẹ̀ lọ́wọ́ ń dúró pẹ̀lú wa. Òun ló sọ fún wa pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Nígbà tó rí káàdì àgbà tí Màámi fà yọ, èyí tí wọ́n fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ ní London, ó mi orí. Káàdì tí wọ́n bá gbà ní England kì í ṣiṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì Scotland; ti Scotland tó wà lọ́wọ́ òun yàtọ̀. Ojú Màámi yí padà. Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe ìjọba kan náà ni?" Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sápò."

Bàbá náà bi wá pé aago mélòó ni ọkọ̀ ojú omi wa. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó ní kí a wá takisí kíá, torí ọkọ̀ yẹn ò lè dúró de ẹnikẹ́ni. Ó là á yé wa: omi òkun máa ń kún, ó máa ń fà, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan. Bó bá fà, ilẹ̀ èbúté Anstruther á gbẹ, àwọn ọkọ̀ á jókòó sórí ẹrẹ̀. Omi ló ń sọ ìgbà tí ọkọ̀ máa jáde àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ padà wọlé, kì í ṣe ọ̀gá ọkọ̀. Àsìkò kíkún náà sì ń fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí aago ọkọ̀ tòní kì í fi í ṣe ti ọ̀la. Gbogbo èyí, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì bí tèmi ló wá kọ́ mi.

Takisí gba Elie, St Monans àti Pittenweem kọjá, àwọn ìlú etí òkun tó rẹwà, tí n kò sì gbádùn ìkankan nínú wọn nítorí pé ojú mi wà lára aago. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ ní èbúté, ọkọ̀ wa ti jáde, a rí ẹ̀yìn rẹ̀. Obìnrin tó wà níbi tíkẹ́ẹ̀tì ṣe dáadáa sí wa, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó gbé àyè wa sí ọjọ́ kejì láìgba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì túmọ̀ sí ibi tí a máa sùn, ní àárín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí yàrá tó ṣẹ́ kù kò pọ̀ tí owó rẹ̀ sì ga.

A wọ mùsíọ́mù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Scottish Fisheries Museum, tó wà ní etí èbúté gan-an láti 1969. Inú mi dùn pé mo mú Màámi débẹ̀. Ẹja ṣáwá ló sọ etíkun yìí di ọlọ́rọ̀ láyé àtijọ́, kí ó tó di pé ṣáwá ìgbà òtútù wọ́n nínú omi Forth ní àwọn ọdún 1940. Àwọn obìnrin máa ń tẹ̀ lé àwọn ọkọ̀ apẹja láti Shetland lókè lọ́hùn-ún dé Great Yarmouth ní England, mẹ́ta mẹ́ta: méjì á máa la inú ẹja, ẹnì kẹta á máa tò ó sínú àgbá pẹ̀lú iyọ̀. Màámi dúró pẹ́ níwájú àwòrán kan tí àwọn obìnrin náà ti fi àkísà wé ìka wọn kí ọ̀bẹ má bàa gé wọn, kí iyọ̀ má sì wọ ojú ọgbẹ́. Wọ́n na ọwọ́ wọn jáde, wọ́n fi àpá tó wà ní àtàǹpàkò òsì hàn mí. Mo ti ń rí àpá yẹn láti kékeré, n kò bi wọ́n rí.

Ní ìrọ̀lẹ́, a ra ẹja haddock díndín àti chips, a jókòó sórí ògiri èbúté. Màámi yọ ata gígún nínú báàgì wọn, wọ́n bù ú sí i. Ó dùn gan-an. Ẹ di oúnjẹ yín mú ṣinṣin, ẹyẹ etí òkun ibẹ̀ kì í tọrọ.

Ọjọ́ kejì, omi kún, ọkọ̀ gbéra lásìkò. Isle of May jìnnà tó bíi kìlómítà mẹ́jọ, gígùn rẹ̀ ò tó méjì. Puffin tó ń tọ́mọ síbẹ̀ lé ní 40,000 tọkọtaya, inú ihò ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ẹ má ṣe yà kúrò lójú ọ̀nà, ilẹ̀ á já lé ọmọ wọn lórí. Ọ̀kan bà sílẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ mi, ó fi ẹja wẹ́wẹ́ sẹ́nu lẹ́gbẹ̀ẹ́ra wọn, bí télọ̀ ṣe ń fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu, ó wò mí, ó wọ ihò lọ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti tan iná atọ́kọ̀sọ́nà àkọ́kọ́ ní Scotland ní 1636, èédú ni wọ́n ń jó nínú rẹ̀. Èyí tí ẹnjiníà Robert Stevenson kọ́ ní 1816 ṣì dúró lórí òkè. Ní ibi tí a ti sọ̀ kalẹ̀, ẹyẹ tern ń já wá gún èèyàn lórí. Gèlè tí Màámi wé gbà wọ́n sílẹ̀, èmi gbé ọwọ́ sókè lórí mi, torí ibi tó ga jù ni wọ́n ń gún.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, puffin ti ń lọ tán tí oṣù kẹjọ bá wọlé, erékùṣù náà fúnra rẹ̀ ò sì ń gba àlejò kọjá ìparí oṣù kẹsàn-án. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, ẹ kọ́kọ́ wo aago tí ọkọ̀ ojú omi máa gbéra lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ sùn sí Anstruther lálẹ́ tó ṣáájú. Owó ilé yẹn, ẹ fi í sínú ìṣirò látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní káàdì àgbà ti England, ẹ gbé owó bọ́ọ̀sì rẹ̀ dání.

Nígbà tí a ń padà, n kò gba Leven mọ́. A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí St Andrews, ó wá lásìkò. Láti ibẹ̀ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Leuchars, bọ́ọ̀sì pọ̀ débi pé èyí tó kọjá lọ ò já mọ́ nǹkan kan, Leuchars sí Edinburgh sì jẹ́ nǹkan bíi wákàtí kan. Ọ̀nà yẹn ni kí ẹ gbà lọ, kí ẹ sì gbà á bọ̀.