Oògùn Ọmọ Kì í Gbé Inú Báàgì: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí àti Alágbàtọ́ Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

A kò kọ ìwé yìí láti kọ́ òbí bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, nítorí kò sí òbí tí kò mọ bí a ṣe ń tan ọmọ kí ó tó gbé oògùn kíkorò mì. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí a ń bá pàdé láti ọdún dé ọdún ni a torí rẹ̀ kọ ọ́: òbí yóò di oògùn sínú báàgì ọmọ, yóò sọ fún un pé kí ó lò ó ní ọ̀sán, yóò sì gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣe nọ́ọ̀sì, mo tú àpò pẹ́ńsù ọmọ ọdún 7 kan. Hóró oògùn 3 ni mo bá nínú bébà tí wọ́n ya lára ìwé àjákọ. Ọ̀kan ti kán sí méjì, ẹbu funfun rẹ̀ sì ti kún ojú pẹ́ńsù. Hóró 4 ni ìyá rẹ̀ dì fún un. Èkẹrin ti wà nínú ikùn ọmọ tí wọ́n jọ jókòó, ẹni tí ó rò pé súìtì ni. Kò sí orúkọ oògùn lára bébà náà, kò sí ìwọ̀n, ìyá kò sì gbé fóònù. A gbé ọmọ kejì lọ sí ilé ìwòsàn, odidi wákàtí 2 sì kọjá kí a tó mọ ohun tí ó gbé mì. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé bí ọwọ́ mi ṣe ń gbọ̀n nígbà tí mo dì í mú nínú ọkọ̀.

Nítorí náà, àgbàlagbà ni kí ó fi oògùn lé àgbàlagbà lọ́wọ́. Inú ìgò tàbí páálí tí oògùn bá jáde láti ilé apòògùn ni kí ó wà, kí orúkọ ọmọ, orúkọ oògùn, ìwọ̀n, àkókò lílò àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán sì hàn lára rẹ̀ ketekete. Kí ẹ kọ lẹ́tà tì í, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ oníhóró, kí ẹ̀yin àti ẹni tí ó gbà á jọ kà á, kí iye rẹ̀ sì wọ inú ìwé. Bí ẹ bá nílò ìgò méjì, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ilé-ẹ̀kọ́, apòògùn ni kí ẹ ní kí ó pín in, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ sí ara méjèèjì. Ẹ má ṣe dà á sínú ìgò mìíràn fúnra yín.

Ọ̀pọ̀ oògùn kò tilẹ̀ ní ìdí láti dé ilé-ẹ̀kọ́. Èyí tí a ń lò ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ sábà máa ń ṣeé lò ní ilé: nígbà tí ọmọ bá jí, nígbà tí ó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, àti nígbà tí ó bá fẹ́ sùn. Ẹ bi apòògùn kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀.

Lórí ìwọ̀n, a kò ní dákẹ́. Ṣíbí ìdáná kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ife tàbí abẹ́rẹ́ aláìlẹ́nu tí ó bá oògùn wá ni kí ẹ lò. Parasitámọ̀ olómi kan ní mílígírámù 120 nínú mílílítà 5, òmíràn sì ní 250 nínú mílílítà 5 kan náà, ìyẹn ni pé agbára èkejì ju ìlọ́po méjì ti èkíní lọ. Mílígírámù 10 sí 15 ni a ń fún ọmọ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọ̀n; ọmọ tí ó bá wọn kílò 20 yóò gba 200 sí 300 lẹ́ẹ̀kan. Ó kéré tán, kí wákàtí 4 wà láàárín ìlò kan sí èkejì, kí ó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ nínú wákàtí 24. Púpọ̀ nínú oògùn ọ̀fìnkìn ni parasitámọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ ń fún ẹ̀dọ̀ ọmọ ní ẹrù tí kò lè gbé. Aspirin kì í ṣe ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, àfi bí dókítà bá pa á láṣẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fún ọmọ ní parasitámọ̀ ní ìdájí kí ara rẹ̀ lè tutù títí di ìgbà tí ẹ bá já a sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. A mọ̀ pé iṣẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán, ibà náà yóò padà, olùkọ́ kò sì ní mọ ìgbà tí ọmọ lo oògùn kẹ́yìn. Ọmọ tí ìgbóná ara rẹ̀ bá dé dígírì 38, kí ó dúró sí ilé títí ibà yóò fi kúrò fún wákàtí 24 láìlo oògùn ibà. Ti èébì àti ìgbẹ́ gbuuru jẹ́ wákàtí 48 lẹ́yìn èyí tí ó ṣe kẹ́yìn. Ẹni tí ó ní ṣíkínpọ́ọ̀sì yóò dúró títí gbogbo egbò yóò fi gbẹ tí wọ́n sì sé èépá.

Oògùn méjì ni kò gbọdọ̀ wà nínú àpótí tí a tì pa: ẹ̀rọ tí a ń fi ẹnu fà fún ikọ́ fée, àti abẹ́rẹ́ adrenaline fún ọmọ tí oúnjẹ tàbí oró kòkòrò lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ olùkọ́ yóò ti tètè tó wọn ni kí wọ́n wà. Bí ikọ́ fée bá gbé ọmọ dè, ẹ mú un jókòó ṣánṣán, kí ó fa ẹ̀rọ aláwọ̀ búlúù, èyí tí ó ń tètè ṣí ọ̀nà èémí, lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60, kí ó má ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ. Bí kò bá rọlẹ̀, ẹ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbẹ́ ìta itan ni a ń gún abẹ́rẹ́ adrenaline sí, a sì lè gún un gba orí ṣòkòtò. Ẹ pe ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ara kò bá sì dẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ gún èkejì. Ìdí nìyí tí a fi ń béèrè fún méjì, kì í ṣe ọ̀kan.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ sáà kọ̀ọ̀kan, kí òbí ka ọjọ́ tí agbára àwọn oògùn wọ̀nyí yóò tán níwájú olùkọ́. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, kí ó wá gba èyí tí ó kù fúnra rẹ̀. A kò ní fi rán ọmọ.