Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ríṣẹ́ ìwakùsà ní Kánádà, ẹ ṣọ́ra fún ìwé orúkọ yẹn

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kánádà, tí kọ́ńpìnnì ìwakùsà tàbí ti páìpù gáàsì ní kẹ́ ẹ máa lọ bá àwọn onílẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ò le: First Nations, Inuit àti Métis ni àwọn onílẹ̀ yìí, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Kánádà, abala 35 nínú òfin ìpìlẹ̀ Kánádà tọdún 1982 ló dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọn, ìjọba sì gbọ́dọ̀ bá wọn jíròrò kó tó fọwọ́ sí ohun tó lè ṣàkóbá fún ẹ̀tọ́ náà. Duty to consult nìyẹn. Wọ́n á kọ́ yín.

Ohun tí wọn ò ní kọ́ yín rèé. Ọdún kejì mi níbí, kọ́ńpìnnì kan tó ń wá kópà ní British Columbia gbà mí síṣẹ́, ọ̀gá mi ní kí n pe mítìnnì kékeré kan, ká jọ mu kọfí, ká kan mọra wa. Ó fún mi níwèé pé kí gbogbo ẹni tó bá wọlé kọ orúkọ kó sì sáìn. Màmá àgbà kan bi mí pé kí lẹ fẹ́ fi orúkọ wa ṣe, mo ní kò sí nǹkan kan mà, ká lè mọ iye ẹni tó wá ni. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà mo rí rípọ́ọ̀tù tó lọ sọ́dọ̀ ìjọba, ìwé orúkọ yẹn ló wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní àwọn ti bá ìlú jíròrò, orúkọ tèmi gan-an ni wọ́n kọ pé ó darí ẹ̀! Nígbà tí mo padà lọ, màmá yẹn ò pariwo, ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n má wọlé.

Ẹ gbọ́ o, kéèyàn kọ orúkọ yàtọ̀ sí kó gbà. Ẹ má gbé ìwé kankan kalẹ̀ láìkọ ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣe sí òkè rẹ̀ gàdàgbà, tí ọ̀gá bá ní kẹ́ ẹ má kọ ọ́, ẹ fi ímeèlì bi í pé kí ló dé, kí ẹ̀rí lè wà nílẹ̀. Ẹ má sọ pé PR, ìwé ìgbélùú, lẹ ń wá, pé ẹ ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ní 2018 ilé ẹjọ́ Federal Court of Appeal fagi lé àṣẹ tí ìjọba fún iṣẹ́ páìpù epo Trans Mountain, ọ̀kan nínú ìdí ẹ̀ ni pé àwọn tí ìjọba rán kàn ń gbọ́, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọn ò dáhùn bó ṣe yẹ. Tí ti ìjọba bá lè rí bẹ́ẹ̀, ìwé orúkọ tiyín ńkọ́?

Ẹ sì béèrè ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà. Káńsù tí wọ́n dìbò yàn lábẹ́ òfin Kánádà tó ń jẹ́ Indian Act lè sáìn kí àwọn olóyè ìdílé má gbà. Coastal GasLink, àwọn onípáìpù gáàsì, ní àdéhùn pẹ̀lú gbogbo káńsù 20 tó wà lójú ọ̀nà páìpù wọn, àmọ́ àwọn olóyè ìdílé Wet'suwet'en, ọ̀kan lára àwọn First Nations British Columbia, kọ̀ ọ́, níbẹ̀rẹ̀ 2020 ọ̀rọ̀ náà dá ọkọ̀ ojú irin dúró káàkiri.

Mo tún gbọ́ tí àwọn kan nínú wa ń pe owó tí kọ́ńpìnnì ń san fún wọn ní owó ọmọ onílẹ̀, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jáwọ́ ńbẹ̀! Kò jọra rárá. Ibi tí wọ́n sin òkú wọn sí, odò tí wọ́n ti ń pẹja, ibẹ̀ la fẹ́ gbẹ́.

Tí wọ́n bá fún yín níwèé orúkọ fún mítìnnì àkọ́kọ́, ẹ fi sílẹ̀ nínú mọ́tò.