Bí a ṣe ń wọ kọ̀ǹpútà tó wà ní Kétu láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fà

Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí ṣíṣí pọ́ọ̀tù (ẹnu ọ̀nà tí ìsopọ̀ ń gbà wọlé) nínú módẹ́ẹ̀mù. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù sábà máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ẹni tó wà níta kò sì lè wọlé. Ẹ̀rọ Kétu ló gbọ́dọ̀ jáde wá pàdé yín lórí sáfà kékeré tí ẹ háyà (kọ̀ǹpútà tó máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo). Èyí tó ní RAM 512 MB ti tó.

Láptọ́ọ̀pù àlòkù ni kí ẹ lò, kí ẹ ki módẹ́ẹ̀mù USB bọ̀ ọ́: bí iná bá lọ, bátìrì kan náà á bọ́ méjèèjì. Ẹ fi Linux, openssh-server (tó ń jẹ́ kí a fi ssh, àṣẹ ìwọlé láti ọ̀nà jíjìn, wọ ẹ̀rọ) àti autossh (tó ń tún ìsopọ̀ ssh ṣe bó bá já) sí i, kí ẹ kọ HandleLidSwitch=ignore sínú /etc/systemd/logind.conf, kó má baà sùn bí wọ́n bá pa á dé. Ẹ fi ssh-keygen -t ed25519 ṣe kọ́kọ́rọ́ tí kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà, ssh-copy-id á gbé e lọ sí sáfà.

Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú rèé, àṣẹ tó ń gbẹ́ ihò láti ẹ̀rọ Kétu dé pọ́ọ̀tù 2222 lórí sáfà (ẹ fi orúkọ yín àti àdírẹ́sì sáfà rọ́pò orúkọ@sáfà):

AUTOSSH_GATETIME=0 autossh -M 0 -N -o ServerAliveInterval=30 -o ServerAliveCountMax=3 -o ExitOnForwardFailure=yes -R 2222:localhost:22 orúkọ@sáfà

Ẹ má yọ nǹkan kan níbẹ̀. Láìsí GATETIME=0, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá tíì dé nígbà tí ẹ̀rọ tàn, autossh á jáwọ́ pátápátá. Láìsí ExitOnForwardFailure, ìyọnu tó burú jù ni: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lójijì, sáfà kò mọ̀, ó ṣì di 2222 mú fún ìsopọ̀ tó ti kú. Ẹ̀rọ Kétu á padà dé, sáfà ò ní fún un ní 2222, síbẹ̀ á dúró síbẹ̀ bí ẹni pé ohun gbogbo dára, kò ní gbìyànjú mọ́. Nítorí náà, ẹ kọ ClientAliveInterval 30 àti ClientAliveCountMax 3 sínú /etc/ssh/sshd_config orí sáfà. Bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ bá kọjá, á ju òkú náà sílẹ̀.

Ẹ fi àṣẹ autossh náà sínú systemd (ètò tó ń tan iṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá tàn) pẹ̀lú Restart=always. Kí ẹ tó kúrò ní Kétu, ẹ yọ módẹ́ẹ̀mù, ẹ ní sùúrù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ dá a padà, kí ẹ wá fi forfait (dátà) fóònù yín dán an wò, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀.

Láti Àjàṣẹ́, Termux (áàpù tí a fi ń tẹ àṣẹ) lórí fóònù Android ti tó. Ẹ fi mosh (ó jọ ssh, àmọ́ ó ń fara da nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já) wọ sáfà, ẹ tẹ ssh -p 2222 localhost, kí ẹ ṣí tmux lórí ẹ̀rọ Kétu, kí iṣẹ́ má baà kú bí ìlà bá já. Mosh fúnra rẹ̀ kò lè gba inú ihò yìí kọjá, UDP ló ń lò, ihò ssh kì í sì gbé e. Ẹ gbàgbé VNC, àwòrán ojú kọ̀ǹpútà á jẹ forfait yín tán. Fáìlì ńlá, rsync -z --partial ni: bó bá já, tí ẹ sì tún àṣẹ náà tẹ̀, ibi tó dé náà ló ti máa ń tẹ̀ síwájú.