Ẹsẹ̀ Ilé Oyin: Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Ṣe É Tí Èèrà Ò Fi Ní Lé Oyin Yín Lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oyin sísìn, iye tí wọ́n ń ta ilé oyin lẹ máa ń bi mí, kò sẹ́ni tó ń bi mí pé kí ló máa dúró lé. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ilé oyin tí mo kọ́kọ́ ní, orí búlọ́ọ̀kù mẹ́fà ni mo gbé e kalẹ̀ sí nínú oko káṣú, oyin wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, inú mi ń dùn, mo ti ń ka iye ìgò tí mo máa tà. Òjò wá dé, mi ò tètè ro abẹ́ ẹ̀, ni koríko kan bá ga títí, ó tẹ̀, ó lọ fara ti pákó ìsàlẹ̀, ìjàlọ gba orí koríko yẹn gòkè lóru. Ìgbà tí mo fi máa débẹ̀ afárá ti ṣófo, wọ́n ti jẹ gbogbo ọmọ inú ẹ̀, oyin tó kù ti ṣí lọ. Koríko ẹyọ kan o!

Torí náà, ká má rò pé torí kó lè ga nílẹ̀ nìkan la ṣe ń ṣe ẹsẹ̀ fún un. A fẹ́ kó jẹ́ pé ọ̀nà mẹ́rin péré ni ohun tó ń rìn nílẹ̀ lè gbà dé ọ̀dọ̀ oyin, ìyẹn ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ká wá dí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa. Búlọ́ọ̀kù ò ṣe é dí, ó fẹ̀ jù, ihò ẹ̀ náà sì ni èèrà ń fi ṣelé. Tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ní, ẹ tò ó, àmọ́ kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ onígi kúkúrú sórí ẹ̀.

Gíga ẹ̀, ẹ fi ìbàdí yín wọ̀n ọ́n, kó wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 75 sí mítà kan. Tó bá lọ sílẹ̀ jù, ọ̀pọ̀lọ́ á máa wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn lálẹ́ á máa ṣa oyin jẹ níkọ̀ọ̀kan, alángbá á gbaṣẹ́ lọ́sàn-án. Tó bá sì ga jù, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé oyin lojú yín máa là, torí oyin wúwo ju omi lọ dáadáa, lítà kan ẹ̀ tó kílò kan ààbọ̀ ó dín díẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó bá kún fún oyin, kílò 35 ni, ẹ wo ẹni tó fẹ́ sọ ìyẹn kalẹ̀ láti orí àkàbà nínú aṣọ oyin, tí wọ́n tún ń ta á. Kẹ́ ẹ tó gbé ilé oyin lé ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ ṣe, ẹ kọ́kọ́ gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì tó kún lé e kẹ́ ẹ mì í. Tó bá ń jó, ẹ dá a padà fún káfíńtà.

Ní ti ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣe é, ẹni tó bá lówó kó lọ bá wẹ́dà, kó fi páìpù irin ṣe ẹsẹ̀ mẹ́rin, kó ya díẹ̀ nísàlẹ̀, ikán ò lè jẹ ẹ́ láéláé. Tó bá jẹ́ igi, apá, ìrókò tàbí tíìkì, kódà igi òrùlé ilé àtijọ́ tí wọ́n wó dáa ju tuntun tí wọ́n ń tà ní pákó báyìí lọ. Ẹ má fi ahùn tàbí àràbà ṣe é, oúnjẹ ikán nìyẹn. Ẹ lè fi Solignum, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń fi kun igi nítorí ikán, kun ẹsẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó gbẹ kí òórùn ẹ̀ lọ kí oyin tó débẹ̀, ẹ má sì fi kan inú ilé oyin rárá. Ọ̀tapíápíá ńkọ́? Rárá o. Oyin náà kòkòrò ni, ohun tó pa èèrà á pa òun náà, ẹ̀yin náà lẹ sì máa lá oyin ọ̀hún.

Tí ò bá sí owó rárá, ẹ gé igi mẹ́rin tó lẹ́ka lórí, ẹ rì í mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ kọ́ àká. Akòko ni mo fẹ́ràn jù fún un, ewé oyè yẹn, torí tẹ́ ẹ bá rì í lásìkò òjò ó máa ń ta gbòǹgbò, igi tó wà láàyè ikán kì í fẹ́ ẹ, ẹ ṣáà máa já ewé ẹ̀ dànù.

Ó wá ku agolo. Agolo mílíìkì kéré jù, agolo tòmátò ńlá ni kẹ́ ẹ wá, tàbí kẹ́ ẹ gé ìdí gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì. Ẹ tẹ́ òkúta pẹlẹbẹ sílẹ̀, ẹ gbé agolo lé e, ẹsẹ̀ á wọnú agolo, ẹ wá da kọ́ńdẹ́mù ọ́ìlì, ìyẹn ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò, sí i kó tó ìdajì, ẹ máa rí i lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé òjò kan péré lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́: omi á wọnú agolo, ọ́ìlì á léfòó, á ṣàn dànù, omi tó kù á gbẹ, ewé kan á já bọ́ síbẹ̀, ó di ọ̀nà tí èèrà á gbà kọjá nìyẹn. Oyin tó rẹ̀ tó ń bọ̀ láti oko náà á tún máa jábọ́ sínú ẹ̀. Nítorí ẹ̀, ẹ gé abọ́ rọ́bà àtijọ́, ẹ lu ihò sídìí ẹ̀, ẹ dojú ẹ̀ dé, ẹ wá fi bọ ẹsẹ̀ kó wà lókè agolo bí agbòjò, kó má kan agolo o. Ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ rì mọ́lẹ̀ tí ò lè gba agolo, gíríìsì ni kẹ́ ẹ fi pa á yí ká, kó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin, lókè lábẹ́ ibi tí òjò ò dé. Eruku máa ń bò ó, ẹ máa tún un pa.

Ilé oyin kan, ẹsẹ̀ kan. Mo ti to méjì sórí bẹ́ǹṣì kan rí torí àtidín owó kù, mo ṣí àkọ́kọ́, ìkejì ti gbọ́ ìró ẹ̀ lára igi, ni wọ́n bá jọ tú jáde, inú ẹ̀gẹ́ ni mo sá gbà. Oyin tiwa yìí ò gba gbẹ̀rẹ́. Ẹ fi mítà méjì sí mẹ́ta sáàárín wọn, kí gbogbo ẹ̀ jìnnà sílé àti ibi tẹ́ ẹ ń so ewúrẹ́ mọ́ ní nǹkan bíi 200 mítà ó kéré tán, ẹnu ọ̀nà ò gbọdọ̀ kọjú sí ojú ọ̀nà oko, kí igi ṣíji bò ó lọ́sàn-án torí ooru máa ń jẹ́ kí afárá já.

Ilé onípákó tẹ́ẹ́rẹ́ lórí (top-bar), èyí tí wọ́n to pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sórí ẹ̀ kí oyin lè ṣe afárá sábẹ́ wọn, tí pákó kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní milimita 32 yẹn, kò gbọdọ̀ fẹ̀gbẹ́ kan dagun rárá. Afárá máa ń wá sílẹ̀ tààrà bí okùn bíríkìlà, tí ilé bá dagun ó lẹ̀ mọ́ ògiri nìyẹn, ó di kẹ́ ẹ máa fi ọ̀bẹ gé e kẹ́ ẹ tó lè gbé e. Ti Langstroth, ìyẹn ilé oyin alápòótí tí wọ́n to férémù sínú ẹ̀, ẹ jẹ́ kó tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí omi òjò lè máa ṣàn jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá Òkè-Ògùn, Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, tí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ ro ilẹ̀ mítà mẹ́ta yí i ká kó mọ́ tónítóní. Iná ọdẹ ò mọ oko ẹni kankan, agolo ọ́ìlì mẹ́rin lábẹ́ ilé onípákó, àtùpà ni tí iná bá débẹ̀. Èmi máa ń da ọ́ìlì ọ̀hún padà sínú gálọ́ọ̀nù, n kì í dà á sílẹ̀, màá wá bu eérú gbígbẹ kún àwọn agolo yẹn, ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí òjò ò sí, ó di ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ kí n tó da ọ́ìlì padà síbẹ̀.