Bí a ṣe ń fi tọ́bò sí Mazda MX-5 kó lè fara da pápá

Ẹ́ńjìnnì oní-tọ́bò (tọ́bò ni ẹ̀rọ tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń yí láti ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọ inú ẹ́ńjìnnì) tó ń lọ geere ní títì lè jóná kó tó lo ogún ìṣẹ́jú lórí pápá eré ọkọ̀. Ní títì, èèyàn kì í tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ kó tó bá ọkọ̀ mìíràn níwájú, ẹ́ńjìnnì á sì rí àyè mí. Lórí pápá, bí kọ́nà kan ṣe ń tán ni a tún ń tẹ iná, ooru á máa gorí ooru. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ yìí fi jẹ́ iṣẹ́ ooru kó tó jẹ́ iṣẹ́ agbára. Ẹni tó kọ́kọ́ ná owó sórí rédíétọ̀, ọ́ìlì àti búréèkì yóò sáré títí dìrọ̀lẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ ná an sórí tọ́bò ńlá, ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò gbé mọ́tò rẹ̀ délé.

MX-5, ọkọ̀ kékeré oníjókòó méjì ti Mazda, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.8, la ó fi ṣe àlàyé, láti orí NA (ìran àkọ́kọ́) tó jáde lẹ́yìn 1993 títí dé NB (ìran kejì) tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ní 2005. Ó fúyẹ́, díẹ̀ ló fi ju kìlógíráàmù 1,000 lọ. Ẹ̀yà ara rẹ̀ kò wọ́n ní Britain àti Amẹ́ríkà, gbogbo ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ló sì ti hàn sí ayé. Ẹ yàgò fún 1.6 àkọ́kọ́, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1991, torí imú kráńkì rẹ̀ (irin tí písítìn ń yí) kúrú, ó sì máa ń jẹ.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ti epo pa, kí ẹnì kan tẹ àsẹ́lérétọ̀ dé ilẹ̀, kí ẹ wá wọn compression, ìyẹn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó; psi ni a fi ń wọn ìfúnpá náà. 1.8 tó ṣì le máa ń fúnni ní nǹkan bíi psi 170 sí 190. Bí sílíńdà kan bá fi ju ìdá 10 nínú 100 rẹlẹ̀ sí àwọn yòókù, ẹ má tíì ra tọ́bò. Ẹ gbé písítìn sílíńdà náà dé òkè pátápátá nígbà tí fáàfù wà ní pípadé, ẹ fi ọkọ̀ sí gíà kí kráńkì má baà yí, ẹ wá fi afẹ́fẹ́ sí i láti ojú púlọ́ọ̀gì, kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jáde níbi tí a ti ń da ọ́ìlì, ríìnì písítìn ti jẹ. Bó bá ń fẹ́ lẹ́nu sàlẹ́ńsà, fáàfù ni. Bí omi rédíétọ̀ bá ń hó kùṣùkùṣù, gáàsíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti lọ.

Ẹni tó bá rà á ní Britain gbọ́dọ̀ wá ìpẹtà pẹ̀lú, torí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù. Ẹ fi sukuduráfà gún abẹ́ ilẹ̀kùn níbi tó ti súnmọ́ táyà ẹ̀yìn, kí ẹ sì gún irin ṣàásì iwájú NB. Bí irin bá wọlé, wẹ́dà ló kàn, kì í ṣe tọ́bò.

Kọ́nrọ́ọ̀dù (irin tó so písítìn mọ́ kráńkì) tó bá ẹ́ńjìnnì yìí wá láti ilé-iṣẹ́ ló sọ ibi tí a lè bá agbára dé. Torque (agbára ìyí ẹ́ńjìnnì) tó bá tètè dé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí pẹ̀lẹ́ ló ń tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe eré àsápajúdé nìkan. Ẹ má jẹ́ kí torque kọjá Nm 300, kí boost (ìfúnpá afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì wọlé) má sì kún kó tó di ìyípo 3,500 ní ìṣẹ́jú. Boost psi 8 sí 10 yóò fún yín ní agbára ẹṣin 200 sí 220 lójú táyà. Lórí ọkọ̀ tó fúyẹ́ báyìí, ìyẹn tó láti sá fún ọdún púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó kọ́kọ́ tú ẹ́ńjìnnì, kó fi kọ́nrọ́ọ̀dù forged (èyí tí wọ́n rọ kó lè lágbára) sí i.

Omi tútù gbọ́dọ̀ dé ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì

Mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní ìbú ni Mazda kọ́kọ́ ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí fún. Nígbà tí wọ́n yí i sí òòró fún MX-5, ojú ibi tí omi ń gbà jáde bọ́ sí iwájú, níbi tí pọ́ǹpù omi náà wà. Omi ń wọlé níwájú, ó ń jáde níwájú, sílíńdà kẹrin tó wà lẹ́yìn kò sì rí tó. Nínú ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Tí tọ́bò bá dé, sílíńdà kẹrin ló máa ń kọ́kọ́ jó písítìn, bẹ́ẹ̀ gééjì lè má sọ nǹkan kan.

Coolant reroute ni ojútùú rẹ̀. A ó gbé thermostat (fáàfù tó ń ṣí fún omi bó bá gbóná) lọ sí ẹ̀yìn orí ẹ́ńjìnnì, a ó dí ojú ti iwájú pa, a ó sì fa páìpù rọ́bà gígùn láti ẹ̀yìn wá sí òkè rédíétọ̀. Àyè tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ògiri iwájú há gan-an, nítorí náà ẹ ṣe é nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá da omi padà, ẹ gbé imú ọkọ̀ sókè, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ láì dé ìdérí títí afẹ́fẹ́ yóò fi jáde tán.

Intercooler, tó ń mú afẹ́fẹ́ tó ti inú tọ́bò wá tutù, máa ń jókòó níwájú rédíétọ̀, á sì gba afẹ́fẹ́ tútù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lo rédíétọ̀ alumíníọ́ọ̀mù tó nípọn, kí ẹ fi páànù àti fóòmù dí gbogbo àlàfo tó yí i ká, torí afẹ́fẹ́ tó bá rí ibòmíì gbà kò ní gba inú rẹ̀ kọjá. Páànù abẹ́ ẹ́ńjìnnì tí àwọn kan máa ń yọ sọnù gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Iṣẹ́ páànù àti fóòmù yìí kò náni ní nǹkan kan tó pọ̀, síbẹ̀ òun ni àwọn èèyàn máa ń fò jù.

Tọ́bò, ọ́ìlì àti sítọ́ọ̀dù

Tọ́bò Garrett GT2560R bá iṣẹ́ yìí mu. Bọ́ọ̀lù bẹ́ríìnì ló ní nínú, ọ́ìlì púpọ̀ kò sì dára fún un: ẹ fi restrictor tí ihò rẹ̀ tó mílímítà 1 sí ẹnu ibi tí ọ́ìlì ń gbà wọlé. Páìpù tí ọ́ìlì ń gbà padà ni kó gbòòrò, ó kéré tán mílímítà 13 nínú, kó máa dà wálẹ̀ láì ní kọ́nà, kó sì wọ inú sọ́ọ̀ǹpù (àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì) lókè ibi tí ọ́ìlì dé. Bí páìpù yìí bá há, ọ́ìlì á dúró nínú tọ́bò, á gba séèlì kọjá, èéfín búlúù á máa jáde, ẹ ó sì rò pé tọ́bò ló bàjẹ́.

Ẹ fi oil cooler (rédíétọ̀ ọ́ìlì) tó ní thermostat 82°C sí i kí ọ́ìlì lè gbóná dáadáa ní àárọ̀. Láàárín 100°C sí 120°C ló dára kí ọ́ìlì wà. Bó bá ti dé 130°C, ẹ dín eré kù. Bí ẹ bá ti ń tú ẹ́ńjìnnì, ẹ pààrọ̀ gíà inú pọ́ǹpù ọ́ìlì sí billet (èyí tí wọ́n gbẹ́ láti ara odindi irin), torí tí ilé-iṣẹ́ máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ń lu rev limit (òpin ìyípo) léraléra. Ẹ dí PCV (fáàfù tó ń fa èéfín kúrò ní ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) tó lọ sí intake (ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé) tàbí kí ẹ fi fáàfù aláìpadàsẹ́yìn tó dájú sí i. Tí boost bá wọ inú ẹ́ńjìnnì láti ibẹ̀, á ti ọ́ìlì jáde láti inú gbogbo séèlì.

Sítọ́ọ̀dù (bóòtù) tó so tọ́bò mọ́ máńfóòlù (páìpù èéfín ara ẹ́ńjìnnì) ló ń dá ọjọ́ pápá dúró jù. Irin lásán máa ń nà nígbà tó bá pọ́n bí ẹyín iná, nọ́ọ̀tì á tú díẹ̀, èéfín gbígbóná á máa gba ibẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà sítọ́ọ̀dù á kán. Ẹ lo sítọ́ọ̀dù Inconel (irin tó ń fara da ooru) àti nọ́ọ̀tì tó ní irin ìhámọ́. Ẹ gbé ìwúwo sàlẹ́ńsà kúrò lórí tọ́bò: ẹ fi bírákẹ́ẹ̀tì so downpipe (páìpù èéfín tó tẹ̀lé tọ́bò) mọ́ gíà bọ́ọ̀sì, kí ẹ sì fi flex (páìpù tó ń tẹ̀) sí ẹ̀yìn rẹ̀. Máńfóòlù cast (èyí tí wọ́n yọ́ irin dà) ló dára jù fún pápá. Èyí tí wọ́n fi páìpù wẹ́dà máa ń là lójú wẹ́dà.

Epo àti brain box

Agbára ẹṣin 250 lójú kráńkì ń fẹ́ nǹkan bíi cc 460 ní ìṣẹ́jú láti inú injector (ẹnu tó ń fọ́n epo) kọ̀ọ̀kan, bí a kò bá fẹ́ kó ṣiṣẹ́ ju ìdá 85 nínú 100 lọ. Ẹ ra èyí tó jẹ́ cc 550 sí 640. Lórí ọ̀pọ̀ NB, epo kì í padà sí táńkì láti iwájú, ìfúnpá rẹ̀ kì í sì gòkè pẹ̀lú boost. Bí boost bá dé bar 0.6 (nǹkan bíi psi 9), bar 4 tó yẹ kó ti epo á di bar 3.4 lójú injector, epo tó ń jáde á sì dín ní nǹkan bíi ìdá 8 nínú 100. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò injector gbọ́dọ̀ fi ìyẹn kún un.

Brain box (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) bíi Megasquirt MS3 tó. Sẹ́ńsọ̀ wideband LSU 4.9, tó ń fi èéfín mọ bí afẹ́fẹ́ àti epo ṣe pọ̀ sí, ni kí ẹ gbé sí bíi sẹ̀ǹtímítà 60 sí 90 lẹ́yìn tọ́bò, kó dúró díẹ̀ sókè kí omi inú sàlẹ́ńsà má baà kán sí i. Sẹ́ńsọ̀ ooru afẹ́fẹ́ ń wá lẹ́yìn intercooler. Púlọ́ọ̀gì NGK BKR7E, àlàfo mílímítà 0.7, bí àlàfo bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, boost á pa iná rẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan máàpù (àwọn nọ́ńbà tí brain box ń tẹ̀lé), ẹ ti timing (ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ń tanná) mọ́ 10° nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi timing light wò ó lójú púlì. Bí méjèèjì kò bá ṣe déédéé, gbogbo nọ́ńbà tó kù irọ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ to idle (ìgbà tí ẹ kò tẹ iná), kí ẹ to ibi tí kò tíì sí boost ní AFR (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo) 14.7. Ẹ wá fi spring wastegate (fáàfù tó ń dá boost dúró) nìkan wọ inú boost, láì so solenoid (fáàfù oníná tó ń jẹ́ kí boost ga sí i), kí AFR wà láàárín 11.5 sí 11.8.

Timing ni ẹ ní láti rọra ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi 12° ní 165 kPa (nǹkan bíi psi 9 boost), kí ẹ máa fi 1° kún un lórí dyno (ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀). Nígbà tí 1° kan kò bá fi torque kún un mọ́, ẹ yọ 2° padà kí ẹ dúró síbẹ̀, kódà bí ẹ kò bá tíì gbọ́ nǹkan kan. Ẹ fi páìpù kọ́pà so etí mọ́ búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì: bí epo bá bú fúnra rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí òkúta wẹ́wẹ́ bọ́ sínú agolo. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Fún pápá, ẹ ní kí brain box yọ timing bí afẹ́fẹ́ bá ti ju 50°C lọ, 1° fún 5°C kọ̀ọ̀kan. Dyno kì í fi èyí hàn, torí ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni eré rẹ̀.

Epo RON 99 (RON ni nọ́ńbà bí epo ṣe ń kọ̀ láti bú fúnra rẹ̀) ti Britain kì í ṣe ẹgbẹ́ 95. Ti Amẹ́ríkà, 93 tó wà lójú pọ́ǹpù wọn súnmọ́ RON 98, àmọ́ 91 kò tó bẹ́ẹ̀. Máàpù tí a fi 99 ṣe, ẹ má fi 95 sá a.

Ẹ tún sọ fún brain box pé kó gé epo bí boost bá fi psi 3 kọjá iye tí ẹ fẹ́, bí omi bá ju 110°C lọ, tàbí bí ìfúnpá ọ́ìlì bá wà lábẹ́ bar 2.5 nígbà tí ìyípo ju 4,000 lọ.

Ìyókù ọkọ̀

Ọ́ìlì búréèkì tí kì í tètè hó, bíi Motul RBF 600 tó ń hó ní 312°C nígbà tó ṣì tuntun, pẹ̀lú páàdì tí wọ́n ṣe fún pápá. Kílọ́ọ̀ṣì tó le. Gíà bọ́ọ̀sì onípele 6 lágbára ju onípele 5 lọ. Táyà 205/50R15 lórí ríìmù 15x8, psi 28 sí 32 nígbà tó bá gbóná. Ẹ ra hub (ibi tí a ń de táyà mọ́) iwájú méjì sílẹ̀, torí bẹ́ríìnì rẹ̀ kì í pẹ́ lórí táyà tó lẹ̀ mọ́ títì. Ní Britain, wọ́n máa ń wọn ariwo sàlẹ́ńsà kí wọ́n tó jẹ́ kí ọkọ̀ wọ pápá, 105 dB ni ó sì wọ́pọ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí epo dín sí ìdajì táńkì. Nínú kọ́nà gígùn, epo á sá sí ẹ̀gbẹ́ kan, pọ́ǹpù á fa afẹ́fẹ́, AFR á gòkè nínú boost, písítìn á sì yọ́. Yípo kan ni kí ẹ fi mú un gbóná, mẹ́rin tàbí márùn-ún ni kí ẹ sá, kí ẹ wá fi odindi yípo kan lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láì wọ boost, kí tọ́bò lè tutù. Ní ibi ìdúró, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ọ́ìlì, ẹ wo sítọ́ọ̀dù bóyá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń dúdú, ẹ tún nọ́ọ̀tì táyà fún ní Nm 110. Ẹ fi ọkọ̀ sí gíà, ẹ má fa handbrake, torí páàdì gbígbóná lè lẹ̀ mọ́ dísìkì.